Ibo ni ká fi ẹṣin ọmọ wa sí ní Kent?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kent là ń gbé. A ti ra ẹṣin fún ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni, ó pé ọdún 9, gíga rẹ̀ tó hands 15 (bíi mítà kan ààbọ̀ láti ilẹ̀ dé èjìká). Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ wákàtí 12 ni mo máa ń ṣe, bàbá rẹ̀ sì ń wọ rélùwéè lọ sí London lójoojúmọ́. A ti wo livery yard mẹ́ta, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gbowó láti gba ẹṣin ẹlòmíràn sílé. Èkínní ò ju ìṣẹ́jú 10 lọ sílé wa. Tuntun ni gbogbo ilé ẹṣin wọn, wọ́n ní ibi ìgẹṣin tó ní òrùlé, full livery ni, ṣùgbọ́n nígbà òtútù, wákàtí kan sí méjì ni ẹṣin ń lò níta, kálukú nínú pápá kékeré tirẹ̀. Èkejì tó ìṣẹ́jú 25. Pákó àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹṣin wọn, ibi ìgẹṣin wọn ò ní òrùlé, part livery ni, àwọn ẹṣin ń jẹ̀ pọ̀ lójoojúmọ́ lórí òkè North Downs, ẹni tó ni yard sì ń gbé níbẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ oko ní apá Weald, DIY ni, owó rẹ̀ ló kéré jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Èwo ni ká mú, kí ló sì yẹ ká béèrè?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé sí wa, mà. Ká má fọ̀rọ̀ falẹ̀: yard kejì la máa mú, bí ó bá ti yege lórí ohun méjì tí a ó sọ nísàlẹ̀, ìyẹn koríko gbígbẹ àti àrùn. Ẹ̀kẹta ò bá iṣẹ́ yín mu rárá. Ní ti èkínní, ojú èèyàn ni ilé tuntun ń dùn mọ́, ẹṣin ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ẹṣin nílò jù ò ju mẹ́ta lọ: kí ó máa rí koríko jẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ó máa rìn, kí ó sì máa wà láàárín ẹṣin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹran agbo ni. Àpò inú rẹ̀ kéré sí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, omi kíkan sì ń sun nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ì báà jẹun, ì báà má jẹun. Itọ́ tó ń gbé mì nígbà tó bá ń jẹ koríko ló ń rọ omi kíkan yẹn lójú. Bí ó bá lo wákàtí bíi 4 sí 6 láìrí nǹkan fẹnu kàn, egbò inú lè bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sé e mọ́lé fún wákàtí 22 nínú 24, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilẹ̀kùn jẹ tàbí kí ó máa mi orí sọ́tùn-ún sósì lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ yín á wá gùn ún. Agbára tí kò rí lò láti àná, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò ti jáde, pẹ̀lú ọmọ yín lórí gàárì. Ìdí nìyẹn tí wákàtí kan sí méjì yẹn fi kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù ju ohunkóhun lọ nínú lẹ́tà yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí irú livery. Ní DIY, ilé ẹṣin àti pápá nìkan lẹ ń sanwó fún, tiyín ni gbogbo iṣẹ́ tó kù. Láàárọ̀, ẹ ó fún un lóúnjẹ, ẹ ó bọ́ aṣọ òru rẹ̀, ẹ ó mú un lọ sí pápá, ẹ ó kó ìgbẹ́ àti ibùsùn tó ti tutù kúrò, ẹ ó fọ korobá omi, ẹ ó pọn òmíràn. Nírọ̀lẹ́ ẹ tún ń bọ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, láìka ìrìn lílọ àti bíbọ̀, ọjọ́ Kérésìmesì pẹ̀lú. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago méje àbọ̀ àárọ̀, tó parí ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò lè rí i ṣe. Ọmọ ọdún 14 tó ń lọ sí ilé ìwé náà ò lè dá a ṣe. Owó tó jọ pé ẹ rí fi pamọ́, àwọn tí ẹ ó máa bẹ̀ kí wọ́n bá yín bọ́ ẹṣin ni yóò gbà á padà lọ́wọ́ yín.

Full livery ni pé yard ń ṣe gbogbo rẹ̀. Part livery wà láàárín, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí yàtọ̀ láti yard dé yard. Níbòmíràn, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ láti Monday dé Friday, òpin ọ̀sẹ̀ ni tiyín. Níbòmíràn, àárọ̀ nìkan ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ta ló ń mú un jáde, ta ló ń mú un wọlé, ta ló ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ta ló ń dúró tì í nígbà tí ẹni tó ń kan bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dé, èyí tó máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 síra. Irú kan tún wà tí wọ́n ń pè ní working livery: ilé ìwé ìgẹṣin á máa lo ẹṣin yín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì dín owó kù fún yín. A ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ fún ẹṣin kan ṣoṣo tí ọmọ ń kọ́ lórí rẹ̀, nítorí ọwọ́ oríṣiríṣi àwọn tó ń kọ́ ìgẹṣin máa ń mú kí ẹnu ẹṣin le sí ìjánu.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Ní England, ilé ìwé ìgẹṣin gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ council lábẹ́ òfin ọdún 2018, council á sì fún un ní ìràwọ̀ láti 1 sí 5. Àmọ́ kò sí irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún livery lásán. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ àti ilé ẹṣin lè gbé pátákó síta lọ́la. British Horse Society, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ṣin ní Britain, ń yẹ yard wò, ó sì ń fọwọ́ sí àwọn tó bá kúnjú ìwọ̀n, ṣùgbọ́n yard tó bá wù ló ń forúkọ sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín ni olùyẹ̀wò. Lábẹ́ òfin Animal Welfare Act ti ọdún 2006, ẹni tó ni ẹran ló ń jíhìn fún un, ibi yòówù kó fi í sí. Bí ẹni tó ń tọ́jú ẹran bá sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, òbí rẹ̀ ni òfin yóò mú. Ẹ má ṣe rò pé ẹṣin ọmọ ni. Lójú òfin, ẹṣin yín ni.

Ilẹ̀ ló kàn. Ní Kent, ohun tó wà lábẹ́ koríko ṣe pàtàkì gan-an. Ẹfun ló wà lábẹ́ North Downs, omi òjò ń tètè wọlẹ̀ níbẹ̀. Amọ̀ ló pọ̀ ní Weald. Tí òjò bá ti rọ̀ ní November, ẹsẹ̀ ẹṣin á po ó di ẹrẹ̀ títí di March. Ẹrẹ̀ yẹn máa ń fa bàtà ẹsẹ̀ yọ, ó ń jẹ́ kí awọ ẹsẹ̀ bó, kòkòrò àìfojúrí á sì gba ibẹ̀ wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní mud fever. Nítorí kí pápá má bàa bàjẹ́ tán, ọ̀pọ̀ yard orí amọ̀ máa ń tì í pa. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n kì í ṣe “ṣé ẹṣin ń jáde?” Gbogbo wọn ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ béèrè pé: “Ní January tó kọjá, wákàtí mélòó ni ẹṣin lò níta lójúmọ́? Ọjọ́ mélòó lẹ ti pápá pa?” Bí ẹ bá rí ẹṣin mìíràn níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ni ín léèrè bákan náà, kí ẹ wò ó bóyá ìdáhùn méjèèjì dọ́gba.

Ẹ ka ẹṣin, ẹ ka eékà. Éékà kan sí ọ̀kan ààbọ̀ fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n tí British Horse Society ń dábàá. Ibi tí ẹṣin 12 bá wà lórí éékà 6, erùpẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ní ìparí ooru. Ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n ń ṣa ìgbẹ́ kúrò lórí pápá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ó kéré jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹyin aràn ti ń pa. Ẹ rìn yíká ọgbà: wáyà ẹlẹ́gùn-ún ò dára fún ẹṣin, bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà tó ti rọ̀. Ẹ wo omi inú ìkòòkò ìmumi, bóyá ewéédò ti bò ó.

Ẹ wo igi pẹ̀lú. Sycamore, tí èso rẹ̀ ní ìyẹ́ méjì tó ń yí bìrí bọ́ sílẹ̀, ní oró tó ń ba iṣan ẹṣin jẹ́. Èso ń já bọ́ nígbà tí ewé bá ń wọ́, irúgbìn kéékèèké á sì hù ní ìgbà ìrúwé. Ìgbà méjèèjì ló léwu. Ẹṣin tó bá jẹ ẹ́ á le gbọ̀n-ìn, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bíi kọfí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ lè gbé èso yẹn wá láti ọgbà aládùúgbò, nítorí náà kò tó kí wọ́n sọ pé àwọn ò ní igi náà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe: ṣé wọ́n ń fi ọgbà yí apá ibẹ̀ ká, ṣé wọ́n ń ṣa èso? Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní ragwort náà wà, òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bíi pupa inú ẹyin, ó sì máa ń yọ láti July. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹṣin sábà máa ń yẹra fún un ní tútù nítorí ó korò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé e mọ́ koríko gbígbẹ, ìkorò náà á dín kù, oró rẹ̀ ò sì ní lọ.

Ọ̀rọ̀ koríko gbígbẹ rèé, ibi tí yard ti ń fi owó àti ìlera ẹṣin ṣeré jù. Ẹṣin hands 15 sábà máa ń wọ̀n tó kìlò 450. Ohun tó yẹ kó jẹ lójúmọ́ tó ìdá 1.5 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, láìka omi inú oúnjẹ náà. Bí koríko orí pápá ò bá sí, èyí jẹ́ bíi kìlò 8 sí 10 koríko gbígbẹ. Ìdì kékeré kan sábà máa ń tó kìlò 18 sí 20, nítorí náà ìdì kan fún ọjọ́ méjì, ìdì 15 lóṣù. Ẹ fi èyí wé ohun tó wà nínú iye owó wọn. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé “àwọ̀n koríko méjì lójúmọ́ wà nínú rẹ̀”, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀n tí ẹ fi ń wọn báàgì nígbà tí ẹ bá ń lọ sí Nàìjíríà, èyí tó ní ìkọ́ lẹ́nu, ẹ fi kọ́ àwọ̀n kan tó kún. Àwọ̀n tó dà bíi pé ó tóbi lè má ju kìlò 3 lọ. Bí ẹṣin bá wọlé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí kò sì jáde títí aago méje àárọ̀, wákàtí 14 nìyẹn. Kìlò 3 á ti tán kí ẹ tó sùn.

Ẹ ní kí wọ́n tú ìdì kan lójú yín. Kí ẹ gbọ́ òórùn koríko, kì í ṣe òórùn ilé tó ti ń hu ẹbu. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n tí eruku funfun fò jáde, ẹbu ni, ìkọ́ àti ìmí líle ló ń fà fún ẹṣin. Bí yard kejì bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ wọn koríko wọn, tàbí tó jẹ́ koríko eléruku ló wà ní àká wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí ẹ ń yàn, bó ti wù kí pápá wọn dára tó.

Ilé ẹṣin ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mítà 3.65 ní ìbú àti ní òró ló tó ẹṣin yín. Pákó àtijọ́ kì í ṣe àbùkù, bí ìṣó ò bá yọ, tí òrùlé ò sì jò. Kódà, ilé àtijọ́ tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá sàn ju ilé tuntun tí wọ́n dí pa lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí imú yín dé ibi tí imú ẹṣin ń dé nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Bí òórùn ìtọ̀ bá ta yín lójú níbẹ̀, ibùsùn ò tó tàbí wọn ò kó o dáadáa. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń kó koríko gbígbẹ sí pẹ̀lú. Kò yẹ kí ó wà lókè orí ẹṣin tàbí nínú ilé kan náà pẹ̀lú wọn, nítorí iná.

Nísinsìnyí, àrùn. Ẹ béèrè pé: “Bí ẹṣin tuntun bá dé, kí lẹ ń ṣe?” Ìdáhùn tó dára ni pé wọ́n ń yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, pẹ̀lú korobá tirẹ̀, irinṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún strangles. Àrùn yìí ń wú kókó sí abẹ́ àgbọ̀n ẹṣin títí yóò fi tú ọyún, ó ń ràn nípasẹ̀ omi, ìjánu àti ọwọ́ èèyàn, ó sì lè ti odindi yard pa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹṣin tí ara rẹ̀ dá ṣáká lójú lè máa gbé e kiri nínú àpò kan tó wà lẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé ó ti bá a pàdé, dókítà ẹranko á fi kámẹ́rà wo àpò yẹn. Òfin ò sọ ọ́ di dandan kí yard kéde strangles fún ìjọba, nítorí náà àfi kí ẹ béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gbẹ̀yìn àti ohun tí wọ́n ṣe. Yard tó bá sọ òótọ́ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí, tó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dá a dúró, wù wá ju èyí tó ní òun ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ máa mú ẹṣin bọ̀ lọ́la, láìbéèrè páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn àti tẹ́tánọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ wọlé.

Lórí aràn, ohun tó bóde mu ni kí wọ́n máa yẹ ìgbẹ́ wò láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà tí ewé ń wọ́, kí ẹṣin tí ẹyin aràn rẹ̀ bá pọ̀ nìkan máa lo oògùn. Nígbà òtútù, dókítà yín ni yóò sọ bóyá oògùn tó ń pa ìdin aràn tó fara pamọ́ sínú ìfun yẹ ẹ́. Yard tó bá ń fún gbogbo ẹṣin ní oògùn kan náà ní gbogbo ìgbà ń kọ́ aràn bí yóò ṣe borí oògùn náà ni.

Ẹ tún lọ sí yard kejì lẹ́ẹ̀kan sí i, láàárọ̀ kùtù, nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ ẹṣin. Ẹ wo ara àwọn ẹṣin tó wà níbẹ̀, pátákò wọn, bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó ń bọ̀ wá bá wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè rẹ̀ tààrà, láìwojú yín, ni yóò ti kọ́ nǹkan. Ẹ béèrè bóyá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 lè dá wà níbẹ̀, àti ẹni tó ń dúró tì í. Ibi ìgẹṣin tí kò ní òrùlé ní ìṣòro kan tí a ò ní bò mọ́lẹ̀: ní December, ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó ti ilé ìwé dé. Bí kò bá sí iná ńlá níbẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni yóò máa gùn ún títí ọjọ́ yóò fi gùn sí i. Ní àyíká, ẹ wo máàpù Explorer ti Ordnance Survey. Ìlà aláwọ̀ ewé tó gé gígùn gígùn ni bridleway, tí ẹṣin lè gbà. Èyí tó gé kúkúrú, tẹlẹ́sẹ̀ ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ wá nǹkan mélòó kan nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn kí ẹ tó kúrò? Mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Ta ló lè pe dókítà ẹranko nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ ò gbé fóònù, iye wo ni wọ́n sì lè ná? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún inú rírun, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni, ìpinnu rẹ̀ ò sì gba kí wọ́n dúró dè yín di alẹ́. Ṣé yard ní adójútòfò tó kan ẹṣin tó wà ní ìkáwọ́ wọn? Ẹ̀yin náà ẹ gba ti jàǹbá tí ẹṣin lè fi ṣe ẹlòmíràn. Ó wà lára ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ British Horse Society ní ìpele Gold ń rí gbà.

Bí ẹ bá wá kó o dé, ẹ gba ìdì koríko díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ máa pò ó mọ́ ti ibẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14, nítorí ìyípadà oúnjẹ lójijì wà lára ohun tó ń fa inú rírun. Lẹ́yìn ìyàsọ́tọ̀, kí ó kọ́kọ́ máa rí agbo láti òdìkejì ọgbà, kí ó tó wọ àárín wọn pẹ̀lú ẹṣin kan tó ní sùúrù. Ẹ kọ́ ọmọ yín láti wọn ìgbóná ara rẹ̀ lójoojúmọ́ ní gbogbo àkókò ìyàsọ́tọ̀ yẹn: 37.5 sí 38.5 ló bójú mu. Bí ó bá kọjá ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹṣin mìíràn títí dókítà yóò fi wò ó. Kí ó máa ka ìgbẹ́ náà pẹ̀lú. Òkìtì 8 sí 12 ni ẹṣin tí inú rẹ̀ dá ń ṣe láàárín wákàtí 24. Bí ọmọ yín bá débẹ̀ láàárọ̀ tó rí ẹyọ kan tàbí méjì péré, tí koríko àná sì wà nínú àwọ̀n, kí ó pe olórí yard lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà.